Kí ni ká pe ìtẹ̀síwájú tí ẹ̀rọ ìwọ̀nra kò rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá “ìṣẹ́gun aláìlóṣùwọ̀n” fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní non-scale victory ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká dúpẹ́ fún. Gbogbo àyípadà rere tí eré ìdárayá ń mú bá ara, tí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ìwọ̀nra kì í fi hàn, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gba orúkọ yìí wọlé.

Òṣùwọ̀n ni ìṣòro àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ní scale níbí, ohun èlò kan ṣoṣo tí à ń gùn láti mọ iye kílò ni wọ́n ń wí. Tiwa gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. À ń wọn aṣọ, à ń wọn ọkà, à ń wọn ilẹ̀, òṣùwọ̀n sì ni gbogbo ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n. Bí mo bá fi téèpù yí ikùn mi ká, òṣùwọ̀n ni mo lò. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí mo ka iye ìgbà tí ọkàn mi lù ní ìṣẹ́jú kan, òṣùwọ̀n náà ni. Báwo ni ohun tí a wọ̀n ṣe wá di aláìlóṣùwọ̀n? Ní ti “ìṣẹ́gun,” ogun là ń ṣẹ́, ara ẹni kì í sì í ṣe ọ̀tá.

Ẹ wo ohun tó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Bí ẹnì kan bá jí tó ní “ara mi wúwo,” kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kílò mélòó. A mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá ni. Bó bá ní “ara mi fúyẹ́,” a bá a yọ̀. Nítorí náà, ẹnì kan lè sọ láìtako ara rẹ̀ pé: “Mo fi kílò méjì wúwo sí i, ara mi sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀.” Ó sì lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, torí ẹran iṣan ki ju ọ̀rá lọ: kílò kan iṣan kì í gba àyè tó kílò kan ọ̀rá. Èmi fúnra mi rìn láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nọ́ńbà náà kò yẹ̀. Àmọ́ ìgbànú mi ti wọ ihò kejì sínú, mo sì ń gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fara mọ́ “rírù” tí ẹlòmíràn mú wá fún irú àyípadà yìí. Ẹni tí a bá sọ fún pé “o rù,” àìsàn ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí.

“Ẹ̀rí ara” ni mo mú wá. A ti ní ẹ̀rí ọkàn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọkàn ṣe ń jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ara ń jẹ́rìí: oorun tó dára, ìgbànú, àtẹ̀gùn. Àbúrò wa kan ní ó lè dàrú mọ́ ẹ̀rí ilé-ẹjọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn kò dàrú mọ́ ọn rí.

Ó ku “ìwọ̀n ìbàdí” tí àwọn kan ń pe waist circumference, ìyẹn bí ikùn ẹni ṣe tóbi tó yíká. Agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìgbáròkó ni wọ́n ń fi téèpù yí ká, kí ó má sì tó ìdajì gíga ẹni: ẹni tó ga ní 170 sẹ̀ǹtímítà, kó má pé 85. Bí a bá pè é ní ìbàdí, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò so téèpù mọ́, nọ́ńbà náà yóò sì ṣì wọ́n lọ́nà. “Ìyípo ikùn” ni èmi yóò máa kọ, àyàfi bí ẹnì kan bá ní èyí tó sàn jù ú lọ.