Ọdún tí mo fi Yorùbá ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà

Olùkọ́, Òṣogbo:

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a ní kí ẹni tí ó bá ti kópa nínú ètò pàṣípààrọ̀ láàárín yunifásítì Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́, nítorí pé tèmi kò ní ariwo nínú. Ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní FLTA (Foreign Language Teaching Assistant), ni mo bá lọ. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni: olùkọ́ yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀, òun náà yóò sì máa gba kọ́ọ̀sì méjì, ó kéré tán, ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ dá lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Kò sí oyè ẹ̀kọ́ kankan ní ìparí rẹ̀. Àwọn ará ilé mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan ṣì ń pè mí ní dókítà títí di òní.

Mo rò pé iṣẹ́ náà yóò rọrùn, nítorí ta ni yóò fi èdè ìyá mi dẹ́rù bà mí? Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó béèrè ìdí tí a fi ń kọ “mo lọ” tí a sì ń kọ “mò ń lọ”. Kí n tó mí, ẹlòmíràn ti fi tirẹ̀ lé e: kí ló dé tí àmì wà lórí ọ̀rọ̀ kejì nínú “rà á” tí kò sì sí lórí ti “rí i”? Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, n kò ronú kàn án rí. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọ̀la.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n kan tí ó ti lọ sí irú ètò yìí ṣáájú mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àlàyé rẹ̀ ti dé: bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, arọ́pò-orúkọ ẹnìkẹta ẹyọ (bí “á” àti “i” yẹn) tí ó tẹ̀ lé e yóò gba ohùn àárín, bí ó bá sì jẹ́ ohùn àárín tàbí ti ìsàlẹ̀, òkè ni yóò gbà, gẹ́gẹ́ bí “jẹ ẹ́”. Ó ní ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n fi dá òun náà dúró. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti lọ rí wà fún, yàtọ̀ sí àpèjẹ àti aṣọ ẹgbẹ́.

Òfin físà wa ni pé kí a padà sílé fún ọdún méjì kí a tó lè béèrè fún àwọn irú físà iṣẹ́ kan tàbí ti ìgbélùú. Mo padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti í-meèlì tí yunifásítì náà fún mi, ilé ìkàwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì tì mọ́ mi nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tí ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ “mò ń lọ” ni ó ń bá mi wá àwọn àpilẹ̀kọ, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la, tí kì í gbàgbé láti kọ “ẹ kú iṣẹ́, sà” sókè lẹ́tà.

Ìyá kan, Ìbàdàn:

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrírí. Èmi kò rìnrìn àjò. Àwọn ni wọ́n wá bá mi. Nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bá wá kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé mi wà lára ibi tí wọ́n ti máa ń ṣeré. Ọ̀kan ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí káfíńtà wa wọlé. Ó ní, “Ẹ wá jẹun,” bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Káfíńtà ní, “Á gba ibi ire.” Ọmọ yìí rò pé ó ti gbà nìyẹn, ó dìde, ó bu àmàlà rẹ̀ sí méjì, ó sì dúró ti baba náà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ títí ó fi jókòó jẹun.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀nà yìí kò gba ìhà méjèèjì bákan náà. Ọmọ mi gba ààyè ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀ fún un ní físà. Ọmọ àmàlà yẹn kọ lẹ́tà ẹ̀rí tí ó dára gan-an fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Olùkọ́, Òṣogbo:

Màmá, n kò ní èsì sí èyí. Ẹgbẹ́ wa lè kọ lẹ́tà, kò lè tẹ físà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ní Oṣù Kẹjọ, ẹ gba àdírẹ́sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sílẹ̀ kí wọ́n tó ti í-meèlì yín.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Iléṣà:

Ẹ̀gbọ́n, èmi wà lára àwọn tí ń lọ. Mo ti kọ ti “rà á” àti “rí i” sínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ “mo” di “mò” gan-an? Ẹ kò dáhùn ìyẹn.