“Irun jíjá” kọ́, “ìrerun” ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni irun tó máa ń kúrò lórí lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn tí èèyàn bá ti bọ́ lọ́wọ́ kòrónà, ibà dẹ́ńgì tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní telogen effluvium. Ẹnì kan nínú wa dá a lábàá pé ká pè é ní “àrùn irun jíjá”. Ẹlòmíì ní “apárí ọlọ́jọ́ díẹ̀”. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo “já” ná. Okùn ló ń já. Òwú ló ń já lọ́wọ́ àwọn tó ń hun aṣọ òkè níbí ní Ìlọrin, tí wọ́n á sì so ó. Ohun tó bá já, ibì kan ló ti gé, nǹkan kan ló sì fà á. Bí a bá ní ẹnì kan já ewé, ọwọ́ rẹ̀ ló fi já a. Nítorí náà, bí obìnrin bá ti ní “irun mi ń já”, ọkàn rẹ̀ á máa wá ohun tó já a kiri: ṣé ìpara ni, ṣé onídìrí tó dì í le jù ni, àbí ọwọ́ ayé?

Ó ṣojú mi. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Tánkẹ̀ ṣe àìsàn kòrónà ní oṣù Keje ọdún 2020. Ibà náà gbóná, Ọlọ́run bá wa ṣé, ara rẹ̀ yá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, a ti gbàgbé. Ló bá wọlé lọ́jọ́ kan, ó ṣí ìborí rẹ̀, ó fi òyà ya orí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ká irun tó bá òyà wá bí òṣùká sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti pààrọ̀ ìpara lẹ́ẹ̀mẹta. Òun àti onídìrí rẹ̀ ò kí ara wọn mọ́.

Mo mú ẹyọ kan níbẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn lẹ́bàá fèrèsé. Kò gé níbì kankan, ó sì ní kókó funfun kan ní ìdí tí kò ju orí píìnì lọ. Ìyá wa, ọmọ Òmù-Àrán, na ọrùn wò ó, wọ́n ní, “Èyí ò já o. Ó ń re ni, bí adìẹ ṣe ń re ìyẹ́.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yẹn ni mo gbé wá síbí, torí ó bá iṣẹ́ ara mu. Irun orí kọ̀ọ̀kan máa ń hù fún ọdún méjì sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà á sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, kó tó re kúrò fún tuntun. Lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń sinmi, tí 50 sí 100 sì ń re lójúmọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Àmọ́ bí ibà líle bá kọlu ara, ọ̀pọ̀ irun tó ń hù lọ́wọ́ á jọ lọ sinmi, wọ́n á sì jọ re. Ìdí nìyẹn tó fi ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hàn, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí ibà mọ́. Ti kòrónà tiẹ̀ lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Apárí” ńkọ́? Irun tí à ń sọ yìí sábà máa ń padà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ẹni tí irun rẹ̀ ń bọ̀ wá hù, ẹ má pè é ní apárí, ó dùn ún tẹ́lẹ̀. (Èyí tó bá pá ní ojú róbótó-róbótó, tàbí tó ń yún, ọ̀tọ̀ ni, kí dókítà wò ó.)

Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀ffà ní “ìbọ́run”. Kò burú, ṣùgbọ́n fìlà ń bọ́, bọ́tìnnì ń bọ́. Ewé, ìyẹ́ àti irun ló ń re, àwọn ohun tó ń hù padà.

Àwọn tó fẹ́ ká ki fáírọ́ọ̀sì bọ inú orúkọ náà, ẹ rántí pé Albert Kligman, oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1961, kò ki kòkòrò kankan sí i. Irun ń re báyìí lẹ́yìn ìbímọ àti lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú. Nítorí náà, “ìrerun” ni kí orúkọ jẹ́, bí a ṣe ń wí “dirun”. Lẹ́yìn náà, ká wá ní “ìrerun ẹ̀yìn ibà”, “ìrerun ẹ̀yìn ìbímọ”. “Ẹ̀yìn” yẹn ṣe kókó, òun ló máa rán aláìsàn létí ibà tó ti lọ. Kẹ́ ẹ má sì fi àmì sábẹ́ e rẹ̀ o. Bó bá di “ìrẹ́run”, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òró àti Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ bá mi bi àwọn onídìrí yín: ṣé “re” ṣì wà lẹ́nu wọn?