Ìbéèrè ìtàn aláìsàn nínú NCLEX: báwo ni ẹ ṣe fi í kọ́ra?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kí yín o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí n tó kó wá sí Houston, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, tí mo sì ń múra lọ́sàn-án fún NCLEX-RN, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo jókòó sí i. Kọ̀ǹpútà gbé mi dé ìbéèrè 150, n kò sì yege. Kì í ṣe pé n kò kàwé, nítorí ìbéèrè ìdánrawò tí mo ti dáhùn lé ní 2,000. Ohun tó ń bá mi fínra ni àwọn ìtàn aláìsàn tí wọ́n mú wọ inú ìdánwò náà láti oṣù kẹrin ọdún 2023, èyí tí wọ́n fi ń wo bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi làákàyè ṣe ìpinnu. Bí mo bá ka àkọsílẹ̀ aláìsàn tán, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dà bí ohun pàtàkì lójú mi, n kì í sì í mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ dì mú. Ṣé kí n tún ra ìbéèrè 2,000 mìíràn ni?

Màmá Agbẹ̀bí:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má ra ìbéèrè kankan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 150 yẹn kúrò lọ́kàn rẹ. Ìbéèrè 85 ló kéré jù, 150 ló sì pọ̀ jù; kọ̀ǹpútà kì í dúró láàárín àyàfi tó bá dá a lójú ní ìdá 95 nínú 100 pé ẹni náà ti kọjá òṣùwọ̀n ìyege tàbí pé kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé dé òpin ni ẹni tí kò tíì rí ìdájú nípa rẹ̀. Etí òṣùwọ̀n gan-an lo wà.

Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́fà, wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn bí ọkàn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣiṣẹ́: kí lo rí, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, èwo ló léwu jù, kí la lè ṣe, kí ni wàá ṣe nísinsìnyí, ṣé ohun tí o ṣe sì ràn án lọ́wọ́? Ìwọ ń fò láti orí èkíní bọ́ sórí ìkarùn-ún, bí gbogbo àwa tí a ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù ṣe máa ń ṣe, torí pé ọwọ́ wa ti mọ iṣẹ́ náà ju ẹnu wa lọ.

Wo ọ̀ràn kan tí mo fi odindi ọ̀sán kan rò. Obìnrin kan bímọ ní wákàtí méjì sẹ́yìn, ọmọ náà sì wọn kílò 4.3. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ 104/62, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118 ní ìṣẹ́jú kan, ooru ara rẹ̀ jẹ́ 37.4. Páàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ti rin gbingbin láàárín ìṣẹ́jú 15. Orí ilé-ọmọ rẹ̀ rọ̀, ó ga ju ìdodo lọ, ó sì yẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó ní ebi ń pa òun. Ooru ara yẹn kò burú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ebi náà kò ní pa á. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìfúnpá ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè gbé e dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń lọ, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń sáré. Ilé-ọmọ tó yẹ̀ sí ọ̀tún ń sọ fún ọ pé àpò ìtọ̀ ti kún, ó ń tì í, kò sì jẹ́ kó lè sún kì kí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Nítorí náà, fi ọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ ilé-ọmọ, fi ìkejì fọwọ́ ra orí rẹ̀ títí yóò fi le, kí ẹlòmíràn máa pe dókítà bí o ti ń ṣe é, kí o sì ràn án lọ́wọ́ láti tọ̀. Bí o bá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ lọ pe dókítà, ẹ̀jẹ̀ lo fi í sílẹ̀ fún.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan oògùn tó ń mú ilé-ọmọ sún kì, oxytocin ló máa ń ṣíwájú, methylergonovine àti carboprost sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n padà lọ wo ìtàn ìlera rẹ̀: bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, methylergonovine kò tọ́ sí i, bí ó bá ní ikọ́ fée (asthma), carboprost kò tọ́ sí i. Ìlà kékeré yẹn, tí ènìyàn máa ń fò dá, ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ìbéèrè kẹrin.

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí: mo fi bébà bo àwọn ìdáhùn, mo fa ìlà sí àárín ìwé mi, mo kọ "ohun tí mo rí" sí apá kan, "nítorí kí ni" sí apá kejì. Ìlà tí n kò bá lè sọ ìdí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń padà lọ kà lọ́jọ́ náà. Ìtàn kan lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Atlanta:

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ máàkì kún un, torí ó ná mi ní ohun púpọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ yan gbogbo èyí tó yẹ, èyí tí ẹ yàn tí kò yẹ máa ń jẹ lára èyí tí ẹ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì ìbéèrè náà kì í lọ sísàlẹ̀ òdo. Ẹ má máa yan nǹkan nítorí pé "ó lè wúlò". Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ iye tí ẹ máa yàn, àṣìṣe kì í jẹ máàkì, ẹ yàn án pé. Bí ẹ bá sì ṣi ìbéèrè kan nínú ìtàn, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú, torí pé èyí tó tẹ̀ lé e yóò gbé ìròyìn tuntun wá.

Ohun kan tún wà. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé, a máa ń dúró kí ẹbí aláìsàn lọ ra ìbọ̀wọ́ àti omi ìfàsára kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìdúró yẹn ti wọ̀ mí lára débi pé mo ń yan ìdáhùn ẹni tí kò ní nǹkan lọ́wọ́. Nínú ìdánwò yìí, gbogbo ohun èlò wà nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá lórí bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tó ń lo furosemide (oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀) pẹ̀lú digoxin (oògùn ọkàn), tí potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ dé 3.1, tí èébì sì ń gbé e. Mo kọ èébì sí apá kìn-ín-ní, mo fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ebi obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró lórí "nítorí kí ni". Ìgbà tí mo padà ka ìwé ni mo tó rántí pé furosemide ló ń fa potassium jáde, àti pé bí potassium bá ti wálẹ̀, digoxin á máa ṣe bíi májèlé lára, èébì sì jẹ́ àmì rẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ìtàn kan ṣoṣo gbà mí. Ṣé kò pẹ́ jù?

Màmá Agbẹ̀bí:

Kò pẹ́ rárá. Kọ ti ọ̀la síbí, ká jọ wò ó.