Etí ọmọ mi ò gbọ́rọ̀: àyẹ̀wò wo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìkálẹ̀ o. Àdàtán, l'Ábẹ́òkúta níbí, ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi ti pé oṣù 16, kò tíì lè dá jókòó, bí a bá sì pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í yíjú. Ìyá ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, àmọ́ ọkàn mi ò gbà.

Dókítà ní ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn CMV ló kó láti inú oyún. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé láàárín ọjọ́ 21 àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti yẹ ìtọ̀ tàbí itọ́ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀ nísinsìnyí, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn tí mo bí i ló kó o. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti la irú èyí kọjá, ṣé àwòrán ọpọlọ ló yẹ kó ṣáájú, àbí àyẹ̀wò etí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọmọ bá sùn? Owó ọwọ́ wa ò tó méjèèjì. Lójú tèmi, ti etí ni, kó lè tètè rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lò. Ṣé a lè rí i ṣe níbí, àbí ká máa lọ sí UCH n'Íbàdàn?