Láíbìrì ilé iṣẹ́ lọ́yà: kí n gbà á àbí kí n ṣe sùúrù?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Láíbìrì ilé ìwé girama kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ní dìgírì, mo sì ti rẹ́gísítà pẹ̀lú LRCN, àjọ tó ń forúkọ àwa òṣìṣẹ́ láíbìrì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ò ju kí n máa to ìwé kí n máa lé àwọn ọmọ tó ń pariwo, ìgbà míì gan-an wọ́n á ní kí n lọ dúró fún tíṣà tí ò wá. Ilé iṣẹ́ lọ́yà kan l'Ékòó wá pè mí pé kí n wá máa bójú tó láíbìrì wọn, kí n máa to Nigerian Weekly Law Reports, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ kóòtù jọ sí, kí n máa bá wọn wá ẹjọ́ tí kóòtù ti dá sẹ́yìn, kí n sì kó gbogbo ẹ̀ sórí Koha, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò láíbìrì. Mo ti ń kọ́ Koha yẹn fúnra mi nílé, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Owó wọn dáa ju ti ibí lọ, àmọ́ owó ilé Èkó, hmm! Mo ti kọ̀wé wá iṣẹ́ sí IITA náà, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn níbí, wọn ò tíì fèsì, ẹ̀gbọ́n mi kan sì ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe Masters ní UI.

Ìbéèrè mi ni pé, ẹni tó bá ti wọ láíbìrì lọ́yà, ṣé ó ṣì lè bọ́ sí ti ọsibítù tàbí báńkì lọ́jọ́ iwájú, àbí ibẹ̀ náà ló máa há sí? Ẹ má bínú pó gùn o, ẹ ṣé gan-an ni.