Ìdágìrì kọ́ ni ìkìlọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá yọjú lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí òyìnbó ń pè ní "alert", ní "ìdágìrì" ti dá ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀ fún wa rí, àmọ́ eléyìí ò dùn létí mi rárá. Wọ́n ní gìrì inú "jí gìrì" ni, pé kí èèyàn lè lajú sílẹ̀. Ó dáa. Gìrì tí ń mú ọmọdé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi gìrì sílẹ̀, ká wo gírámà. Èèyàn ní í dágìrì. A máa ń kìlọ̀ fún èèyàn, a máa ń fi ọ̀rọ̀ tó o létí, a máa ń ta á lólobó. Ìdágìrì ní tiẹ̀, ńṣe là ń kó o bá èèyàn, bíi wàhálà. Àpẹẹrẹ Hawaii, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018, àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù àwọn ará ibẹ̀ pé ohun ìjà olóró ń fò bọ̀, kí wọ́n wá ibi sá sí, pé kì í ṣe ìdánrawò. Kò sóhun tó ń bọ̀. Iṣẹ́jú 38 kọjá kí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tó wá tún un ṣe. Èyí tó wà lórí fóònù, ìkìlọ̀ ni. Èyí tó wà láyà wọn fún iṣẹ́jú 38 yẹn ni ìdágìrì.

Àbúrò ìyá mi ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì já, ni nǹkan pupa bá yọ fìrì: "ÌDÁGÌRÌ! Àṣìṣe aṣekúpani." Wọ́n fa wáyà yọ lára ògiri. Lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta bá a lọ. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Ohun tí ẹ tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀," ta ni ì bá fa wáyà?

Aṣekúpani! Ta ló kú? Òyìnbó tó kọ́kọ́ pè é ní "fatal error" náà jẹ̀bi, n ò purọ́: Windows 95, tí kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ń lò, a máa sọ fún èèyàn pé ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò bófin mu, àfi bíi pé ọlọ́pàá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ìyẹn náà la fẹ́ jogún?

Ṣì inú "àṣìṣe" tún ń bí mi nínú. Ta ló ṣì í ṣe? Íntánẹ́ẹ̀tì ló já, ẹni tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ló ń gba ẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń sọ̀rọ̀ fún èèyàn: bàbá mi àgbà, bí ọ̀rọ̀ wúwo bá wà láti sọ, "jókòó ná" ni wọ́n máa kọ́kọ́ wí.

Ẹ fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún ohun tí kò ní ṣeé dá padà, bíi ká fẹ́ pa fáìlì rẹ́ pátápátá. Ìfitónilétí tó fún ìyókù. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń pupa, ọwọ́ á kàn máa tẹ "Ó dáa" láìkà á ni. Ẹni tó ní ìfitónilétí ti gùn jù, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ "ìfitónilétí" fúnra rẹ̀ síbẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ní ti àwọn tó ń jiyàn lórí àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí "lólobó" inú "ta á lólobó", ohùn òkè orí "ló" yẹn, ti "ní" ni, kì í ṣe ti olobó. Kí ẹnikẹ́ni tó sì tún sọ fún mi pé òun kàwé Yorùbá ní yunifásítì, kó kọ́kọ́ fi "dágìrì" ṣe gbólóhùn kan tí kọ̀ǹpútà jẹ́ olùwà rẹ̀.