Ìfarajìn kọ́: ohun tí a lè pe ọkàn òṣìṣẹ́ tí ó wà níbi iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo ka àbá tí a gbé kalẹ̀ pé kí "ìfarajìn" dúró fún ohun tí àwọn alákòóso òṣìṣẹ́ ń pè ní engagement, ìyẹn bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fi ọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀, kí "ìdàgbàsókè ẹgbẹ́" sì dúró fún team development, ìyẹn bí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe ń mọ bí a ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé a nílò ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyí tí a mú wá.

Ìfarajìn ni ó ká mi lára jù. Ẹni tí ó fara jìn ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ pátápátá, bí a ti ń sọ ọ́ nípa ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sin Ọlọ́run. Kì í ṣe ohun tí William Kahn, onímọ̀ kan nípa ìhùwàsí ènìyàn níbi iṣẹ́, ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí ó gbé èrò yìí jáde ní 1990. Ó ṣàkíyèsí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìsinmi kan àti ti ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, ó sì rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ènìyàn fi ọkàn sí iṣẹ́: kí iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí ń ṣe é, kí ó lè sọ tinú rẹ̀ láìbẹ̀rù pé yóò kó bá òun, kí agbára ara àti ti ọkàn sì ṣẹ́kù fún un láti fi ṣe é. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí wà. Bí a bá wá pè é ní ìfarajìn, orí òṣìṣẹ́ nìkan ni a gbé gbogbo ẹrù náà lé.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò nínú fọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún òṣìṣẹ́. "Ǹjẹ́ o fara jìn fún iṣẹ́ rẹ?" Ta ni yóò kọ "rárá" síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ yóò kà á? Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, "Ṣé ọkàn rẹ máa ń wà níbi iṣẹ́?", ó lè dáhùn pé "nígbà mìíràn" láìjẹ́ pé ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Nítorí náà, ìfọkànsíṣẹ́ ni mo dábàá. Àǹfààní mìíràn ni pé ó ní òdìkejì, nítorí Kahn sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fà sẹ́yìn pẹ̀lú: ẹni tí ó fi ọkàn sí iṣẹ́ lè mú ọkàn kúrò níbẹ̀, a sì lè pe ìyẹn ní ìmọ́kànkúrò.

Ní ti "ẹgbẹ́", ẹ rántí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ ni àwọn tí ń bá ìjọba àti agbanisíṣẹ́ dúnàá-dúrà lórí owó oṣù. Ẹni tí ó bá ka "ìdàgbàsókè ẹgbẹ́" lára pátákó ọ́fíìsì yóò rò pé ọ̀rọ̀ NLC ni. Ikọ̀ ni kí a lò, bí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti ń lò ó. Ìdàgbàsókè náà kò sì bá a mu, nítorí ọ̀nà àti iná mànàmáná ni ó ń mú wá sí ọkàn. Bruce Tuckman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1965 pé ikọ̀ a kọ́kọ́ kó jọ, wọn a takora, wọn a fẹnu kò lórí ìlànà, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ a tó máa lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un: "wọ́n ti mọwọ́ ara wọn." Ìmọwọ́ara ikọ̀, nígbà náà. Àwọn kan dábàá àáró, ṣùgbọ́n àáró a máa yí kiri láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kì í sì í kan oko òṣìṣẹ́ láéláé.

Ó ku ẹ̀kọ́ níbi iṣẹ́, níbi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ fún training àti learning. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe. Ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́, ọ̀kan sì lè wáyé láìsí èkejì. Àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1971, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún, ó sì ń dá apá kan padà fún èyí tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kí ìtumọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ máa lo ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí fọ́ọ̀mù tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ sì máa lo ìkẹ́kọ̀ọ́.